Èrò ń pọ̀ sí i ní Àkúrẹ́: ṣé ìbò Oǹdó náà yóò yí padà?

Ọ̀rọ̀ tiransifọ́mà tó bàjẹ́ la torí rẹ̀ ṣèpàdé lọ́jọ́ Sátidé kan ní àdúgbò wa ní Ọba-Ilé, àmọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ìbò la ń sọ. Bàbá kan dìde. Ọmọ bíbí Ọba-Ilé ni. Oko ẹbí wọn ni ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́lé sí. Ó ní, "Tí wọ́n bá ní ká dìbò ní àdúgbò yìí lọ́la, àwa tí a ni ilẹ̀ ò lè tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa níbí lẹ ó máa bá wa yan aṣojú." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ìyá kan tó wá láti Ìkàrẹ́ dá a lóhùn pé, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ọdún kẹtàlélógún mi rèé ládùúgbò yìí. Ibí ni mo bí àbíkẹ́yìn mi sí, ibí náà ni mo sin ọkọ mi sí. Níbo wá ni kí n lọ dìbò?"

Ó tó ìṣẹ́jú kan kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Mi ò lè dá ẹni kankan lẹ́bi nínú àwọn méjèèjì. Ẹ̀rù ń ba bàbá pé ilé baba òun ń bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́; ìyá sì ń bẹ̀rù pé títí ayé, àlejò ni wọn ó máa pe òun. Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ náà, torí ìdìbò 2027 ń bọ̀, INEC sì bẹ̀rẹ̀ sí forúkọ àwọn olùdìbò tuntun sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2025. Ìbéèrè tí àwọn èèyàn ń bi ara wọn ní ọjà, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí ni pé: tí àwọn tó ń gbé ìlú bá yí padà, ṣé ìṣèlú ìlú náà á yí padà ni? Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè yí. Àmọ́ kì í yí bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò ó, kì í sì í dá yí fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni iye ènìyàn ìlú fi ń yí: àwọn kan ń dáyé, àwọn kan ń kú, àwọn kan ń ṣí láti ibì kan bọ́ sí ibòmíràn. Ọmọ tí wọ́n bí lónìí á di olùdìbò nígbà tó bá pé ọdún 18. Àgbà tó papò dà kò sí níbẹ̀ mọ́ láti sọ fún ọmọ-ọmọ ìdí tí ẹbí wọn fi ń dìbò fún ẹgbẹ́ kan láti ayébáyé. Ẹni tó kó ẹrù wá láti ìlú míì kì í sì í fi ohun tó gbàgbọ́ sílẹ̀ sí ilé tó kúrò ńbẹ̀: tòun ti èdè rẹ̀ ni, tòun ti ẹ̀sìn rẹ̀, tòun ti ẹgbẹ́ tó ti mọ́ ọn lára. Tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ nílé ẹnìkan, kò sẹ́ni tó máa kíyè sí i. Tó bá wá ṣẹlẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé fún ogún ọdún, ẹgbẹ́ tó rò pé ìpínlẹ̀ kan ti di ogún ìdílé òun lè bá ara rẹ̀ lọ́jọ́ ìbò láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Àwa ní Nàìjíríà tún ní ọ̀nà kẹrin, ìyẹn gègé ìjọba. Ọ̀nà yìí ló yí Oǹdó padà jù lọ, ó sì yà mí lẹ́nu pé a kì í sábà rántí rẹ̀ tí a bá ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976, ìjọba ológun yọ ìpínlẹ̀ Oǹdó jáde lára ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́. Èkìtì wà nínú rẹ̀ nígbà náà, Àkúrẹ́ sì ni olú-ìlú gbogbo wa. Òṣèlú tó bá fẹ́ di gómìnà gbọ́dọ̀ wo ibi tí Èkìtì wà, kó wo ibi tí àwọn tó kù wà. Àwọn tó ti dàgbà ní 1983 kò lè gbàgbé bó ṣe rí. Ará Ọ̀wọ̀ ni Gómìnà Adékúnlé Ajásin ti ẹgbẹ́ UPN. Igbákejì rẹ̀, Akin Ọmọ́boríowó, tó jẹ́ ọmọ Èkìtì, bá ẹgbẹ́ NPN lọ láti bá a du ipò. Nígbà tí àjọ elétò ìdìbò ìgbà náà kéde pé Ọmọ́boríowó ló wọlé, iná sọ ní Àkúrẹ́ àti káàkiri ìpínlẹ̀. Wọ́n jó ilé, wọ́n pa èèyàn, kí ilé ẹjọ́ tó dá ipò padà fún Ajásin. Títí di òní, àwọn òbí kan wà ní Àkúrẹ́ tí wọn kì í fẹ́ kí ọmọ wọn sún mọ́ ìṣèlú nítorí ohun tí ojú wọn rí lọ́dún náà.

Nígbà tó di ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 1996, wọ́n yọ Èkìtì kúrò. Kò sẹ́ni tó kú, wọn ò bí ẹnikẹ́ni, ọ̀pọ̀ kò tiẹ̀ kúrò lórí ìjókòó wọn, síbẹ̀ àwọn olùdìbò ìpínlẹ̀ Oǹdó ti di àwọn mìíràn pátápátá. Òṣùwọ̀n "Èkìtì àti àwa" parí lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Òṣùwọ̀n tuntun ni Àríwá, Àárín Gbùngbùn àti Gúúsù. Ẹ wo bí ipò gómìnà ṣe lọ láti ìgbà náà: Adébáyọ̀ Adéfárátì láti Àkùngbá ní 1999, Olúṣẹ́gun Àgágù láti agbègbè Òkìtìpupa ní 2003, Olúṣẹ́gun Mímìkò láti Oǹdó ní 2009, Rótìmí Akérédolú láti Ọ̀wọ̀ ní 2017, lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2023 ó wá kan Lucky Aiyédatiwá, ọmọ Ìlàjẹ. Àríwá, Gúúsù, Àárín, Àríwá, Gúúsù. Tí Èkìtì bá ṣì wà nínú wa ni, ọ̀nà tí agbára máa gbà yípo kò ní rí báyìí rárá.

Ẹ ó ti rí i pé orúkọ Àkúrẹ́ kò sí nínú wọn. Ẹ̀dùn ọkàn ńlá lèyí jẹ́ fún àwọn ọmọ Àkúrẹ́, mo sì máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu wọn nígbà gbogbo: ìlú tó tóbi jù ní ìpínlẹ̀, tó jẹ́ olú-ìlú láti 1976, kò tíì fi ọmọ rẹ̀ kan jókòó sórí àga gómìnà tí wọ́n dìbò yàn. Wọ́n ní ìlara ni, wọ́n ní ọ̀tẹ̀ ni. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ iye ènìyàn wà nínú rẹ̀ ju bí a ṣe ń jẹ́wọ́ lọ. Bí Àkúrẹ́ ṣe ń tóbi, àwọn tó ń mú un tóbi kì í ṣe ọmọ Àkúrẹ́ nìkan. Òṣìṣẹ́ ìjọba wá láti Àkókó, láti Ìkálẹ̀, láti Ìdànrè. Àwọn ọmọ Èkìtì kan tí wọ́n ti kọ́lé síbí kí wọ́n tó pín ìpínlẹ̀ kò padà sí Adó. Wọ́n dá yunifásítì FUTA sílẹ̀ ní 1981, olùkọ́, òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ sì bá a wọlé láti ibi gbogbo. Àwọn Ìgbò tó ń ta páàtì mọ́tò àti ohun èlò ìkọ́lé, àwọn Hausa ní Sábó, gbogbo wọn ló ń gbé Àkúrẹ́. Torí náà, tí èrò Àkúrẹ́ bá di ìlọ́po méjì, agbára ọmọ Àkúrẹ́ nínú ìbò kì í di ìlọ́po méjì. Ó lè dín kù pàápàá, torí pé àwọn tó wá ń ro ti ìlú baba wọn mọ́ tibi tí wọ́n ń gbé.

Ìdìbò gómìnà 2020 fi díẹ̀ hàn nínú èyí. Èyítáyọ̀ Jẹ́gẹ́dẹ́ ti PDP, ọmọ Àkúrẹ́, borí ní ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Àkúrẹ́, Àríwá Àkúrẹ́ àti Ìfẹ́dọrẹ̀. Àwọn 15 tó kù ló bọ́ sọ́wọ́ Akérédolú ti APC. Ìbò 292,830 ni APC ní, PDP ní 195,791. Àkúrẹ́ àti àyíká rẹ̀ dìde, àmọ́ Àkúrẹ́ nìkan kọ́ ni Oǹdó.

Ohun míì tún wà tó ń dá agbára ìlú tó ń dàgbà dúró, ohun náà sì ni ìwé àtijọ́. Ìkànìyàn tí à ń lò títí di òní, ti 2006 ni. Èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe ní 2023, wọ́n sún un síwájú. Ẹkùn ìdìbò tí à ń lò, ti 1996 ni. Gúúsù àti Àríwá Àkúrẹ́ pín ìjókòó kan ṣoṣo nílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin l'Ábùjá nínú mẹ́sàn-án tí Oǹdó ní. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n ya ẹkùn wọ̀nyí ti lè ní ọmọ méjì, mẹ́ta báyìí. Oko ẹ̀gẹ́ tí mo máa ń gbà kọjá lọ sílé ẹ̀kọ́ ní ọ̀nà Ìjọ̀kà ti di òpópónà tó kún fún ilé, síbẹ̀ iye aṣòfin tó ń ṣojú wa kò kúrò níbi tó wà. Ohun tí INEC rí ṣe ní 2021 ni pé wọ́n fi kún ibùdó ìdìbò: káàkiri Nàìjíríà, ó kúrò ní 119,974, ó di 176,846, ní Oǹdó, ó kúrò ní 3,009, ó di 3,933. Ìyẹn mú kí ìtò kúrú díẹ̀ lọ́jọ́ ìbò. Kò fi ìjókòó kankan kún ti Àkúrẹ́.

Ní Amẹ́ríkà, wọn kì í jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n ń ka ènìyàn, tí wọ́n bá sì ti kà á tán, wọ́n á tún ìjókòó ilé aṣòfin pín. Lẹ́yìn ìkànìyàn 2020, Texas jèrè ìjókòó méjì, California pàdánù ọ̀kan, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí California rí láti ọjọ́ tó ti di ìpínlẹ̀. Ìjókòó wọ̀nyẹn ni wọ́n tún fi ń ṣírò ìbò ààrẹ wọn, nítorí náà ẹni tó kó láti Los Angeles lọ sí Houston nítorí owó ilé ti gbé agbára ìṣèlú dání lọ láìmọ̀.

Mo mẹ́nu ba Amẹ́ríkà torí pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jiyàn ọ̀rọ̀ yìí ti ń mú àpẹẹrẹ. Ìpínlẹ̀ Virginia ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Láti 1968 títí dé 2004, ẹgbẹ́ Republican ló ń borí níbẹ̀ nínú gbogbo ìdìbò ààrẹ. Láàárín ìgbà náà, àwọn ìlú tó wà létí Washington ń kún: òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, àwọn tó wá láti Kòríà, Íńdíà, Ethiopia àti El Salvador. Ní 2008, Obama borí ní Virginia, ẹgbẹ́ Democrat kò sì tíì pàdánù ibẹ̀ nínú ìdìbò ààrẹ láti ìgbà náà. Ṣáájú ìyẹn, láàárín 1910 sí 1970, nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 aláwọ̀ dúdú ló kúrò ní gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí wọn kì í ti í jẹ́ kí wọ́n dìbò, lọ sí Chicago, Detroit àti New York. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n di olùdìbò, ẹgbẹ́ méjèèjì sì ní láti wá bẹ̀ wọ́n fún ìbò.

Tí ìtàn bá parí síbẹ̀, bàbá Ọba-Ilé jàre: ẹni tó pọ̀ ló ni ìbò. Ṣùgbọ́n kò parí síbẹ̀. Àǹtí mi kan tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Texas sọ fún mi pé fún ọ̀pọ̀ ọdún làwọn èèyàn ti ń wí pé bí àwọn tó ń sọ èdè Spain bá ṣe ń pọ̀ sí i, Texas á bọ́ sọ́wọ́ Democrat dandan. Àgbègbè Starr wà níbẹ̀ ní ẹ̀bá ààlà Mexico, ó fẹ́rẹ̀ jẹ́ pé irú àwọn èèyàn wọ̀nyí nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Ní 2024, Trump ló borí ní Starr, ohun tí Republican kò rí ṣe níbẹ̀ nínú ìdìbò ààrẹ láti 1892. Iye àwọn èèyàn ò dín kù, ìran wọn kò yí padà. Èrò wọn ló yí. Wọ́n ń ro owó oúnjẹ, wọ́n ń ro ọ̀rọ̀ ààlà, wọ́n sì rí i pé ẹgbẹ́ tó ti ń ka ìbò wọn mọ́ tirẹ̀ kò bẹ̀ wọ́n wò mọ́. Georgia náà rí bẹ́ẹ̀: Atlanta kún, àwọn aláwọ̀ dúdú ń padà sí gúúsù láti òkè, Biden fi ìbò 11,779 péré borí níbẹ̀ ní 2020. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, Georgia padà sọ́wọ́ Trump.

Ìrírí tiwa nílé ṣe kedere ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2015, Buhari borí ní Oǹdó pẹ̀lú ìbò 299,889, Jonathan ní 251,368. Ní 2019, Oǹdó yí sẹ́yìn: Atiku ní 275,901, Buhari 241,769. Ní 2023, Tinúbú gba 369,924, Atiku 115,463. Ní 2024, Aiyédatiwá borí ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 18, títí kan Gúúsù Àkúrẹ́ tí PDP gbà ní 2020. Ẹ jọ̀wọ́, èrò wo ló kó wọ Oǹdó láàárín 2019 sí 2023 tó lè sọ Atiku tó borí di ẹni tí wọ́n fi ìlọ́po mẹ́ta gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Kò sí. Àwọn èèyàn kan náà ni. Ọmọ Yorùbá ló wà nínú ìdíje lọ́dún 2023, ìyà ọrọ̀ ajé ló ń jẹ wọ́n ní 2019. Ìyípadà iye ènìyàn ń lọ́ra bí ọ̀pẹ tó ń ga. Ìbínú àti ìrètí ń yára bí ìjì. Ẹni tó bá ń wo ọ̀pẹ nìkan kò ní mọ ìgbà tí ìjì dé.

Síbẹ̀ ọ̀pẹ ń ga o. Ibi tí mo ti rí i jù ni ọjọ́ orí. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún 18 ní 1983 ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí. Ìran wọn ni Awólọ́wọ̀ jẹ́ òótọ́ fún. Àwọn ló mọ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ UPN bí nǹkan tí ọwọ́ wọn tẹ̀, àwọn náà ló gbé ẹgbẹ́ AD wọlé ní 1999 káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n sì dìbò fún Olóyè Olú Fálaè, ọmọ Ìlú-Abo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àkúrẹ́ níbí. Ọmọ tí wọ́n bí ní oṣù kejì ọdún 2009, nígbà tí Mímìkò ń búra wọlé lábẹ́ ẹgbẹ́ Lébà, yóò pé ọdún 18 ní oṣù kejì 2027. Awólọ́wọ̀ jẹ́ orúkọ inú ìwé fún un. Ohun tó mọ̀ ni iye tí dátà jẹ́, bí iná ṣe ń lọ, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jáde ní yunifásítì tó ń gun ọ̀kadà. Òun kì í ṣe ti ìgbálẹ̀, kì í ṣe ti agboòrùn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí ló lè gba ìbò rẹ̀ fún ogójì ọdún, nítorí ẹgbẹ́ tí èèyàn bá kọ́kọ́ dìbò fún sábà máa ń bá a lọ títí ọjọ́ alẹ́.

Àwọn wọ̀nyí pọ̀. Nínú olùdìbò 93,469,008 tí INEC ní lákọọ́lẹ̀ fún 2023, àwọn tó wà láàárín ọdún 18 sí 34 jẹ́ 37,060,399. Kí ló dé tí wọn kò tíì yí ìṣèlú wa padà?

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí rèé. Orí yàtọ̀ sí ìbò. Kí orí tó di ìbò, ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀, kó gba káàdì, kó wà nítòsí ibùdó rẹ̀ lọ́jọ́ náà, kó sì jáde. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ìyanṣẹ́lódì ASUU bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kejì 2022, kò parí títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. INEC sì ti pa ìforúkọsílẹ̀ dé ní ìparí oṣù keje. Ẹni tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ FUTA, tó ń gbé Aulẹ̀ tàbí ẹnu ọ̀nà àríwá fún ọdún márùn-ún, ilé àwọn òbí rẹ̀ ní Ìbàdàn tàbí Lọ́kọ́ja ló wà ní gbogbo ìgbà náà. Ibẹ̀ ló ti forúkọ sílẹ̀. Ẹni tó sì ti forúkọ sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ ṣáájú ìgbà náà ńkọ́? Nígbà tí ìbò dé, àjọ tó ń ṣàkóso yunifásítì ní kí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ti ilẹ̀kùn láti ọjọ́ 22 oṣù kejì sí ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2023, ọ̀pọ̀ sì kó ẹrù lọ sílé. Lọ́jọ́ ìbò, ọkọ̀ kì í rìn. Ẹni tó wà ní Ìbàdàn kò lè wá dìbò ní Aulẹ̀.

Àgbàlagbà náà ń ṣe é. Mo mọ àwọn ará àdúgbò wa tí wọ́n kó dé láti Èkó ní ọdún méje sẹ́yìn, tí káàdì wọn ṣì wà ní Àgége. Ìjọba ìbílẹ̀ wọn ni Àríwá Àkúrẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ń san owó tẹnumẹ́ǹtì sí, ibẹ̀ ni gọ́tà wọn ti dí, ṣùgbọ́n alága tàbí aṣòfin ibẹ̀ kò rí ìdí tó fi yẹ kó bẹ̀rù wọn. Àbájáde rẹ̀ wà nínú ìdìbò gómìnà 2024: àwọn tó forúkọ sílẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 2, ẹni tó wọlé sì ní 366,781. Àwọn tó jáde kò ju nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin lọ. Nígbà tí ẹni mẹ́ta bá jókòó sílé, ẹnì kẹrin ló ń yàn fún gbogbo wọn, ẹnì kẹrin yìí sì sábà máa ń jẹ́ ẹni tí ẹgbẹ́ ti mọ orúkọ rẹ̀ àti ilé rẹ̀.

Àwọn tó ń lọ tún wà, a kì í sì í kà wọ́n. Nọ́ọ̀sì, dókítà, olùkọ́ yunifásítì, ọmọ tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà: japa ń kó wọn lọ, òfin wa kò sì gba ẹni tó wà lókè òkun láàyè láti dìbò. Ní Ìlàjẹ, òkun ń jẹ Ayétòrò lọ, ìlú tí àwọn onígbàgbọ́ dá sílẹ̀ ní 1947. Ilé ń wó sómi, ilé ẹ̀kọ́ wó sómi, àwọn èèyàn ń kó lọ sí Ìgbókòdá àti Èkó. Nígbà tí wọ́n bá wá tún ẹkùn ìdìbò pín lọ́jọ́ kan, ta ni yóò ka àwọn tí omi lé kúrò nílé?

Mo fẹ́ padà sórí ẹ̀rù tó wà nínú ọ̀rọ̀ bàbá, torí ibẹ̀ ni ewu wà. Ní ọjọ́ 25 oṣù kejì 2023, Lébà ní ìbò 582,454 ní Èkó, APC ní 572,606. Àwọn ọ̀dọ́ wà nínú rẹ̀, àwọn Ìgbò wà nínú rẹ̀, àwọn Yorùbá tí inú ń bí náà wà nínú rẹ̀. Àmọ́ nígbà tó fi di ìdìbò gómìnà ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta, orí Ìgbò nìkan ni wọ́n di gbogbo ẹ̀ lé. Wọ́n halẹ̀ mọ́ èèyàn, wọ́n lé àwọn kan kúrò níbùdó ìdìbò nítorí pé ojú wọn tàbí orúkọ wọn jọ ti Ìgbò. Àwọn Yorùbá tí wọ́n ṣì mú fún Ìgbò náà jẹ nínú ìyà yẹn. Ohun ìtìjú ló jẹ́ fún wa, mi ò sì fẹ́ kí irú rẹ̀ dé Àkúrẹ́.

Oǹdó ní ohun tó lè fà á. A kò tíì gbàgbé ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2022, nígbà tí àwọn apànìyàn wọ ṣọ́ọ̀ṣì Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀, tí wọ́n pa èèyàn tó tó ogójì lọ́jọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì. Ìjínigbé lójú ọ̀nà àti nínú igbó ti mú kí àwọn èèyàn máa fojú burúkú wo ẹnikẹ́ni tí kò bá sọ Yorùbá. Mo mọ irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ Ẹ̀bìrà tó ti ń gbin iṣu ní Ọ̀sẹ́ àti Àkókó láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ wà láyé kọ́ ni apànìyàn, bẹ́ẹ̀ náà ni ará Bẹ́núè tó ń báni ro oko kòkó ní Ìdànrè, tàbí Ìsọ́bọ̀ tó ń fọ́ ẹyìn ní Òkìtìpupa. Ọ̀rọ̀ ààbò, ọlọ́pàá àti Àmọ̀tẹ́kùn ló ni í. Ẹni tó bá sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìbò kò dín apànìyàn kan kù.

California ti dán irú rẹ̀ wò. Ní 1994, àwọn olùdìbò ibẹ̀ fọwọ́ sí òfin kan tí wọ́n pè ní Proposition 187, tó ní kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ọmọ àjèjì tí kò ní ìwé lọ sílé ẹ̀kọ́ ìjọba. Gómìnà Republican ló ṣáájú ìpolongo rẹ̀, ó sì fi wọlé lẹ́ẹ̀kejì. Ilé ẹjọ́ dá òfin náà dúró. Ṣùgbọ́n àwọn tó wá láti Mexico tí wọ́n ti ní ìwé, tí wọ́n ti wà níbẹ̀ fún ogún ọdún láì bìkítà nípa ìbò, gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa àwọn. Wọ́n lọ gba ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè, wọ́n forúkọ sílẹ̀, àwọn ọmọ wọn náà forúkọ sílẹ̀. Republican tó máa ń borí ní California nínú ìdìbò ààrẹ títí di 1988 ti pàdánù ibẹ̀ ní 1992, àmọ́ lẹ́yìn òfin náà, kò tún borí níbẹ̀ mọ́. Iye àwọn àlejò nìkan kọ́ ló ṣe é. Ọ̀nà tí wọ́n gbà bá àlejò sọ̀rọ̀ ló sọ iye náà di ìbò.

Òfin ìdìbò wa sọ pé ẹni tó bá ń gbé ibì kan, tàbí tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tàbí tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ lè forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó sì gba ẹni tó ti kó kúrò ní ibi tó ti forúkọ sílẹ̀ láàyè láti bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé orúkọ rẹ̀ wá síbi tó ń gbé báyìí. Mo sọ èyí fún àwọn ará àdúgbò wa ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e. Àwọn kan kò mọ̀ rí pé ó ṣeé ṣe. Wọ́n rò pé ibi tí wọ́n ti gba káàdì níjọ́ kìíní ni wọn ó máa dìbò títí wọn ó fi kú.

Ní ọjọ́ Túsìdeè, mo tẹ̀ lé àbíkẹ́yìn ìyá Ìkàrẹ́ lọ sí ọ́fíìsì INEC, torí ó ti pé ọdún 18. Bàbá Ọba-Ilé náà bá wa lọ. Káàdì rẹ̀ ti sọnù láti ìdìbò tó kọjá, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwọn méjèèjì jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà lábẹ́ ìbòòji. Nígbà tí wọ́n ní kí ọmọ náà wá tẹ ìka, ojú bàbá tẹ̀ lé e títí ó fi wọlé, ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ọmọ ta ni wọ́n ní ó jẹ́ ná?" Mo dá a lóhùn. Ó mi orí, ó ní òun mọ bàbá rẹ̀, pé òun wà níbi ìsìnkú rẹ̀.